Ọmọ Kẹrin Tó Di Adelé Ọba: William Marshal àti Ìdílé Rẹ̀

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí wà fún

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tó ṣáájú èyí, a ti kọ́ orúkọ tí Yorùbá ń pe àwọn ará ilé: bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ ìyá, ọbàkan, àna. Ẹ ti fi wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹbí tiyín. Lónìí, a óò fi wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ẹbí ẹlòmíì, ìyẹn ẹbí ìjòyè kan tó jẹ́ jagunjagun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni William Marshal.

Kí ló dé tí a fi yan ọkùnrin yìí? Bí a bá sọ ìtàn rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a lè sọ ọ́ tán láìsọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó jẹ́ àbúrò, láìsọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ àti ẹni tó jẹ́ ọbàkan rẹ̀. Yorùbá kì í fẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó la ẹnu, ẹ ní láti béèrè: ta ló dàgbà ju ta lọ? Ìyá wo ló bí i? Ẹ óò rí i pé àwọn ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ló ṣàlàyé bí ayé William ṣe rí, àti bí orúkọ ilé rẹ̀ ṣe parẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ kà á láìdúró. Ní ìgbà kejì, ẹ mú bébà kan, kí ẹ sì ya àwòrán ẹbí William bí ẹ ṣe ń bá ìtàn náà lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ óò bá pàdé

Ọmọ ìyá: àwọn tí ìyá kan náà bí.
Ọbàkan: àwọn tí bàbá kan náà bí, ṣùgbọ́n tí ìyá wọn yàtọ̀.
Ìdógò: ohun tàbí ẹni tí a fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì títí a ó fi mú àdéhùn ṣẹ. A tún lè sọ pé a fi nǹkan dógò.
Owó ìràpadà: owó tí a san kí wọ́n lè tú ẹni tí wọ́n mú lójú ogun sílẹ̀.
Ilé olódi: ilé ńlá tí a mọ odi yí ká nítorí ogun.
Dó ti: láti kó ọmọ ogun yí ìlú tàbí ilé olódi ká, kí ẹnikẹ́ni má lè wọlé tàbí jáde.
Náìtì: ológun tó ń gun ẹṣin jà, tí wọ́n ti fi idà dá lọ́lá.
Adelé ọba: ẹni tó ń ṣàkóso ìlú nígbà tí ọba kò sí, tàbí nígbà tí ọba kéré jù láti ṣàkóso.
Jogún: láti gba ohun tí ẹni tó kú fi sílẹ̀.

1. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi dógò

Ní nǹkan bí ọdún 1147 ni wọ́n bí William. John Marshal ni bàbá rẹ̀. Nígbà náà, Marshal kì í ṣe orúkọ lásán; oyè ni. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló ń mójú tó ẹṣin ọba. Díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ oyè náà di orúkọ ìdílé.

John Marshal fẹ́ ìyàwó méjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìyàwó àkọ́kọ́ bí ọkùnrin méjì fún un, Gilbert àti Walter. Lẹ́yìn tí òun àti obìnrin náà pínyà, ó fẹ́ Sibyl, arábìnrin Patrick tó jẹ́ Earl Salisbury. Earl jẹ́ oyè ńlá láàárín àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sibyl bí ọkùnrin mẹ́rin: John, William, Anselm àti Henry.

Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n dáadáa. Ẹ̀gbọ́n William ni Gilbert àti Walter, ṣùgbọ́n ọbàkan rẹ̀ ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni John, ọmọ ìyá rẹ̀ sì ni. Àbúrò rẹ̀ ni Anselm àti Henry, ọmọ ìyá rẹ̀ ni àwọn náà. Nítorí náà, William ni ọmọkùnrin kẹrin tí bàbá rẹ̀ bí, ṣùgbọ́n òun ni ọmọkùnrin kejì tí ìyá rẹ̀ bí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, àkọ́bí ọkùnrin ló sábà máa ń jogún ilẹ̀ bàbá. Ọmọ tó bá wà ní ipò kẹrin mọ̀ láti kékeré pé ọwọ́ òun lòun máa fi wá oúnjẹ òun.

Ìgbà ogun ni wọ́n bí i sí. Ọba Stephen àti Matilda, ọmọbìnrin Ọba Henry Kìíní, ń du adé mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bàbá William sì wà lẹ́yìn Matilda. Ní ọdún 1152, Stephen dó ti ilé olódi John Marshal ní Newbury. John tọrọ àyè díẹ̀ lọ́wọ́ ọba kí òun lè ronú bóyá òun yóò jọ̀wọ́ ilé náà. Kí ọba lè gbà á gbọ́, ó fi William, ọmọ bí ọdún márùn-ún, dógò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àyè ti gba John tán, kò jọ̀wọ́ ohunkóhun. Ṣe ló kó oúnjẹ àti ọmọ ogun kún inú ilé náà.

Àwọn ènìyàn ọba ní kí wọ́n so ọmọ náà kọ́. Wọ́n ní nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́, ó dáhùn pé òun ṣì ní òòlù àti owú tí òun lè fi rọ ọmọ tó dára ju ìyẹn lọ. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Bí ọmọ náà bá jẹ́ àkọ́bí, ǹjẹ́ bàbá rẹ̀ á sọ bẹ́ẹ̀?

Stephen kò pa ọmọ náà. Wọ́n ní ọba jókòó tì í nínú àgọ́, tí wọ́n jọ fi igi ewéko ṣeré ogun, bí ẹni pé náìtì ni àwọn ewéko náà. Nígbà tí ogun parí, William padà sílé.

Àkíyèsí èdè: Ẹ má pe William ní ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún olówó nítorí gbèsè tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ jẹ. Ẹ má sì pè é ní ẹrú. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ọmọ náà dógò fún: bí ọ̀rọ̀ bá yẹ̀, ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

2. Ẹṣin, idà àti ìdíje

Nígbà tí William tó bí ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá, wọ́n rán an lọ sí Normandy, ní apá àríwá ilẹ̀ Faransé, sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan tó ń jẹ́ William de Tancarville. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ogun, ibẹ̀ náà ló sì ti di náìtì ní nǹkan bí ọdún 1166. Bàbá rẹ̀ ti kú ní ọdún 1165. William kò jogún ilẹ̀ kankan.

Ní ọdún 1168, ó tẹ̀lé Patrick, arákùnrin ìyá rẹ̀, lọ sí gúúsù ilẹ̀ Faransé láti ṣọ́ Ayaba Eleanor, ìyàwó Ọba Henry Kejì. Àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n lójú ọ̀nà. Wọ́n pa Patrick, wọ́n gún William lọ́kọ̀ nítan, wọ́n sì mú un lọ. Ayaba Eleanor fúnra rẹ̀ ló san owó ìràpadà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ojú ọba ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1170, Ọba Henry Kejì fi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jọba nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí ìtẹ́. Henry ni orúkọ ọmọ náà pẹ̀lú, nítorí náà àwọn ènìyàn ń pè é ní Ọ̀dọ́ Ọba. William ni wọ́n yàn láti máa kọ́ ọ ní iṣẹ́ ogun.

Ìgbà náà ni William di olókìkí nínú ìdíje ogun. Ẹ má rò pé ènìyàn méjì péré ló ń bára wọn jà níbẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́ṣin ló ń pín sí apá méjì, tí wọ́n sì ń lépa ara wọn káàkiri pápá àti abúlé. Ẹni tí wọ́n bá mú yóò san owó ìràpadà, ẹṣin àti ohun ìjà rẹ̀ sì lè di ti ẹni tó mú un. William àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Roger de Gaugi, ṣe àdéhùn pé àwọn yóò jọ máa pín èrè. Kí ọdún kan tó pé, wọ́n ti mú náìtì 103. Bí ọmọ tí kò jogún ṣe di ọlọ́rọ̀ nìyẹn.

Ní ọdún 1183, àìsàn pa Ọ̀dọ́ Ọba. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò lọ jagun ìsìn ní Jerúsálẹ́mù, kò sì rí i ṣe. William bá a san ẹ̀jẹ́ náà. Ó gbé aṣọ ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n rán àgbélébùú mọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó sì padà wálé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì.

Àkíyèsí èdè: Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a lò fún Patrick: arákùnrin ìyá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ fi hàn pé ó dàgbà ju Sibyl lọ, a ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin. Bí ó bá kéré sí i, a ó ní àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin. Arákùnrin àti arábìnrin wúlò nígbà tí ọjọ́ orí kò bá sí nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ wọ́n di àṣà, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹbí tiyín. Ẹni tó bá ní òun ní arákùnrin mẹ́ta, ìbéèrè tó máa tẹ̀lé e ni pé, “Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n ni, àbí àbúrò?”

3. Isabel, ẹni tó ni ilẹ̀

William padà sọ́dọ̀ Ọba Henry Kejì. Ní ọdún 1189, Richard, ọmọ ọba yìí, gbógun ti bàbá rẹ̀. Ní ẹ̀bá Le Mans, Richard ń lé bàbá rẹ̀ tó ń sá lọ. William yí ẹṣin padà, ó dojú kọ ọ́. Ó lè pa á, ṣùgbọ́n ẹṣin Richard ló fi ọ̀kọ̀ gún pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Henry kú, Richard sì jọba. Ọ̀pọ̀ rò pé orí William yóò kúrò lọ́rùn. Dípò ìyẹn, ọba tuntun náà fún un ní ohun tí Henry ti ṣèlérí fún un: ó ní kí ó fẹ́ Isabel de Clare.

Ta ni Isabel? Bàbá rẹ̀ ni Richard de Clare, ìjòyè tó kó ogun lọ sí Írẹ́lándì. Ìyá rẹ̀ ni Aoife, ọmọbìnrin Diarmait Mac Murchada, ọba Leinster ní Írẹ́lándì. Bàbá Isabel ti kú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì kú ní kékeré. Nítorí náà, ọwọ́ Isabel ni gbogbo ilẹ̀ náà bọ́ sí: Chepstow ní Wélsì, Leinster ní Írẹ́lándì, àti ilẹ̀ mìíràn ní Normandy. William ti lé ní ogójì ọdún nígbà ìgbéyàwó. Isabel kò tíì pé ogún ọdún. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọmọ kẹrin tí kò ní ilẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n bí. Àwọn ọkùnrin ni William, Richard, Gilbert, Walter àti Anselm. Àwọn obìnrin ni Matilda, Isabel, Sibyl, Eva àti Joan. Ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan ni gbogbo wọn. Ẹ wo orúkọ wọn dáadáa: Gilbert àti Walter ni orúkọ àwọn ọbàkan William, Anselm ni orúkọ àbúrò rẹ̀, Sibyl ni orúkọ ìyá rẹ̀.

Ní ọdún 1194, John, ẹ̀gbọ́n William, kú. Gilbert àti Walter, àwọn ọbàkan wọn, ti kú tipẹ́. William wá jẹ oyè bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1199, Ọba John, àbúrò Richard, fi í jẹ Earl Pembroke.

4. Òun náà fi ọmọ dógò

Ọba John kì í fọkàn tán ènìyàn. Ní ọdún 1205, ó ní kí William fi àkọ́bí rẹ̀ dógò lọ́wọ́ òun. Ní ọdún 1207, ó tún béèrè Richard, ọmọkùnrin kejì. William kó àwọn méjèèjì fún un. Ẹ má gbàgbé pé ẹni tí bàbá rẹ̀ fi dógò ní ọmọ ọdún márùn-ún ló ń ṣe èyí. Ó mọ ohun tí ìdógò lè fojú rí. Ṣùgbọ́n ó mú àdéhùn tirẹ̀ ṣẹ, ọba kò sì rí ẹ̀sùn tí yóò fi pa àwọn ọmọ náà.

Ní òpin ọdún 1207, ọba pe William láti Írẹ́lándì padà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. William mọ̀ pé bí òun bá ti kúrò, àwọn ọ̀tá yóò kọlu ilẹ̀ Leinster. Oyún wà nínú Isabel. Wọ́n ní kí William tó lọ, ó pe àwọn ìjòyè Leinster jọ, ó di ọwọ́ Isabel mú, ó sì sọ fún wọn pé obìnrin yìí ni olúwa wọn, ọmọ ẹni tó fún bàbá wọn ní ilẹ̀, àti pé òun fúnra òun kò ní ohunkóhun níbẹ̀ bí kò ṣe nípasẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀tá kọlu ilẹ̀ náà lóòótọ́. Isabel kò sá. Àwọn tó jẹ́ olóòótọ́ sí i dúró tì í, wọ́n sì borí.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ìbí yìí ni kí ẹ fa ìlà sí. William tó jẹ́ akọni lójú ogun ló ń sọ ní gbangba pé ti ìyàwó òun ni ilẹ̀ tí òun dúró lé.

5. Adelé ọba

Ní ọdún 1215, àwọn ìjòyè fi agbára mú Ọba John gba ìwé òfin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Magna Carta. Ilé Marshal pín sí méjì nínú ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ bàbá wà láàárín àwọn olùdámọ̀ràn ọba. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀, William kékeré, wà láàárín àwọn ìjòyè 25 tí wọ́n yàn láti rí i pé ọba pa òfin náà mọ́.

Ní oṣù October 1216, John kú. Ọmọ rẹ̀, Henry Kẹta, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Louis, ọmọ ọba Faransé, ti gba Lọ́ńdọ̀nù, ìdajì àwọn ìjòyè sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni yóò di ìlú mú fún ọmọdé? William ni wọ́n bẹ̀. Ó ti tó ẹni bí àádọ́rin ọdún. Ó gbà láti jẹ́ adelé ọba. Ní oṣù November ọdún náà, ó tún Magna Carta gbé jáde, èdìdì tirẹ̀ àti ti aṣojú póòpù ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, nítorí ọba kékeré náà kò tíì ní èdìdì.

Ní ọjọ́ 20, oṣù May, 1217, ó ṣíwájú ogun lọ sí Lincoln. Wọ́n ní ara rẹ̀ gbóná débi pé ó fẹ́ sáré wọ ìjà láìdé àkẹtẹ̀ irin rẹ̀. William kékeré ti padà sẹ́yìn bàbá rẹ̀ nígbà yìí, wọ́n sì jọ jà. Wọ́n ṣẹ́gun. Kí ọdún náà tó parí, Louis ti padà sí Faransé.

Àkíyèsí èdè: Ọba márùn-ún ni William sìn: Ọ̀dọ́ Ọba, Henry Kejì, Richard, John àti Henry Kẹta. Ní Ọ̀yọ́, oyè kan wà tó jẹ mọ́ ẹṣin ọba, ìyẹn Olókùn Ẹṣin. Àṣà àtijọ́ retí pé Olókùn Ẹṣin yóò bá ọba kú. Oyè méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹṣin, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì.

6. Orin lẹ́bàá ibùsùn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1219, àìsàn dá William dùbúlẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí Caversham, létí odò Thames. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó pín ohun ìní rẹ̀. Nígbà tó kan Anselm, àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọkùnrin, ó kọ́kọ́ ní kí ó lọ wá tirẹ̀ bí òun náà ṣe wá tòun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, John of Earley, bẹ̀ ẹ́, ó sì yí ọkàn padà, ó fún ọmọ náà ní ilẹ̀. Ó ṣètò fún Joan náà, ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ.

Wọ́n ní ní ọjọ́ kan, ó wù ú láti kọrin, ó sì rí i pé kò yẹ kí ẹni tó ń kú lọ máa kọrin. Wọ́n pe àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé. Matilda, àgbà wọn, kọrin fún un. Ó kan Joan. Ojú ń ti Joan, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Bàbá rẹ̀ rọra kọ́ ọ bí ó ṣe yẹ kí ó kọ ọ́.

Ó kú ní ọjọ́ 14, oṣù May, 1219. Wọ́n sin ín sí Temple Church ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ óò rí ère òkúta kan tí wọ́n mọ̀ sí tirẹ̀ nílẹ̀, lára àwọn ère tí bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì bà jẹ́ ní ọdún 1941. Isabel kú ní ọdún 1220. Tintern, ní Wélsì, ni wọ́n sin ín sí.

7. Ọmọkùnrin márùn-ún

Yorùbá máa ń sọ pé: Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ní ti William, ọmọ sin ín. Ó kú pẹ̀lú ọmọkùnrin márùn-ún láyé. Ta ni yóò rò pé ilé rẹ̀ lè parẹ́?

William kékeré jogún bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ Eleanor, àbúrò Ọba Henry Kẹta, ó sì kú ní ọdún 1231 láìbímọ. Richard gba ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá ọba jà, wọ́n ṣe é léṣe lójú ogun ní Írẹ́lándì, ó sì kú ní ọdún 1234. Gilbert ló tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ àlùfáà ni wọ́n ti kọ́ ọ, kì í ṣe iṣẹ́ ogun. Ní ọdún 1241, ó wọ ìdíje ogun, ẹṣin gbé e ṣubú, ó sì kú. Ìdíje tó sọ bàbá di ọlọ́rọ̀ ló pa ọmọ. Walter jogún, ó kú ní oṣù November 1245. Anselm gba ipò rẹ̀, kò sì rí oṣù kejì lò kí òun náà tó kú. Kò sí ìkankan nínú àwọn márààrún tó fi ọmọ sílẹ̀ tó lè jogún rẹ̀.

Matthew Paris, mọ́ńkì kan tó ń kọ ìtàn nígbà náà, kọ ọ́ pé èpè ló jà: bíṣọ́ọ̀bù Ferns ní Írẹ́lándì ní William gba ilẹ̀ ìjọ òun, kò sì dá a padà.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Wọ́n ti lọ sílé ọkọ, wọ́n sì bímọ. Ilẹ̀ ńlá náà pín sí ọ̀nà márùn-ún fún wọn àti fún àwọn ọmọ wọn. Pembroke bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin Joan, Joan tí ojú ń tì nígbà tó ń kọrin. Oyè Marshal bọ́ sọ́wọ́ Matilda, àgbà wọn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Roger Bigod, sì jẹ ẹ́ ní ọdún 1246. Isabel, ọmọbìnrin kejì, ní ọmọbìnrin kan tó fẹ́ Robert Bruce, ìjòyè kan ní Skọ́tlándì. Ọmọ-ọmọ àwọn méjèèjì yìí ni Robert Bruce tó jọba Skọ́tlándì ní ọdún 1306.

Orúkọ Marshal kú mọ́ àwọn ọkùnrin lọ́wọ́. Ìran Marshal kò kú, nítorí àwọn obìnrin ló gbé e lọ, gẹ́gẹ́ bí Isabel ìyá wọn ṣe gbé ilẹ̀ Leinster wá.

Àkíyèsí èdè: Nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé nípa ìtàn yìí, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà àrólé. Àrólé ni ọmọ tó dúró sí ipò bàbá láti máa ṣe olórí ilé. Kì í ṣe ẹni tó kó gbogbo ogún lọ. Nínú àṣà Yorùbá, a lè pín ogún ní ìdí-igi, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, tàbí ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé William kékeré ni àrólé, ó tọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé òun ló gba èyí tó pọ̀ jù, ẹ fi gbólóhùn kan kún un.

8. Ta ló sọ ìtàn yìí fún wa?

Lẹ́yìn ikú William, àkọ́bí rẹ̀ ní kí wọ́n kọ ìtàn bàbá òun ní ewì, ní èdè Faransé tí àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ nígbà náà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún ìlà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù láyé, ó sì wà ní Morgan Library ní New York. Inú ewì yìí ni a ti rí òòlù àti owú, eré inú àgọ́, àti orin Joan. Ọmọ ló sanwó kí wọ́n yin bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ nípa oríkì mọ̀ pé ẹni tó ń ki ìdílé kì í sábà ka àbùkù wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi lo “wọ́n ní” ní àwọn ibì kan nínú ẹ̀kọ́ yìí, tí a kò sì lò ó ní ibòmíràn. “Wọ́n ní” kì í ṣe irọ́. Ó kàn ń sọ pé ẹnu ẹlòmíì ni ọ̀rọ̀ ti wá.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ wá gbogbo ibi tí a ti lo “wọ́n ní”. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ohun tí ìdílé Marshal lè jèrè nínú kí wọ́n sọ ìtàn náà bẹ́ẹ̀.

2. Ẹ fi ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ ìyá tàbí ọbàkan dí àlàfo wọ̀nyí: (a) Walter tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí jẹ́ ...... àti ...... William. (b) Henry tí Sibyl bí jẹ́ ...... àti ...... William. (d) Ọba John jẹ́ ...... Ọba Richard.

3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bí John Marshal ṣe fi ọmọ dógò ní ọdún 1152 àti bí William ṣe fi àwọn ọmọ tirẹ̀ dógò lẹ́yìn náà? Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́fà.

4. Ẹ jíròrò ní méjì-méjì: “Àwọn ọmọbìnrin ló gba ilé William Marshal là.” Ẹnì kan yóò gbà, ẹnì kejì yóò kọ̀. Kí oníkálùkù fi ohun méjì láti inú ìtàn gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

5. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nínú ẹbí yín, ní Yorùbá bí ó bá gbọ́ ọ, nípa obìnrin kan tí ilé yín dúró lé lórí. Ẹ kọ ojú ìwé kan nípa rẹ̀. Kí ẹ kí wọn dáadáa kí ẹ tó béèrè, kí ẹ sì sọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó jẹ́ àbúrò.